Ọ̀dà Ipàkọ́ Adéwùsì

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu àgbà pé ipàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni, ṣé ẹ mọ ibi tí òwe náà ti ṣẹ̀? Ẹ sún mọ́ mi. Ọ̀dà ló fà á.

Ayafọ́tò kan wà nílùú wa tó ń jẹ́ Adéwùsì. Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ló ti ń dá sè, tó ń dá jẹ. Á kí àga tó ṣófo kó tó jókòó. Kì í ya ènìyàn mọ́, ilé ló kù tó ń yà. Ó ní ilé kì í kú mọ́ni lọ́wọ́.

Ni wọ́n bá kọ́ pápá orin tuntun sétí odò. Kò ní ògiri. Òrùlé rẹ̀ nà jáde bí ìyẹ́ àwòdì tó fẹ́ bà, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló fi dúró. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi orin ṣí i, Adéwùsì débẹ̀ ṣáájú èrò. Wọ́n ti gbé pátákó sórí ìjókòó iwájú pé ọ̀dà ò tíì gbẹ. Ó ní pátákó yẹn ń ba fọ́tò òun jẹ́. Ó gbé e pamọ́ sẹ́yìn òpó, ó sì nà gbalaja sílẹ̀, ó gbé ipàkọ́ lé ìjókòó náà, kó lè ya abẹ́ òrùlé.

Ìgbà tó dìde, ipàkọ́ rẹ̀ funfun bíi lékeléke.

Èrò dé. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Bó bá wẹ̀yìn, wọn a dákẹ́, wọn a máa wò ó tẹ̀ríntẹ̀rín. Òun náà á rẹ́rìn-ín sí wọn, á ní wọ́n káàbọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní àwọn fẹ́ bá a ya fọ́tò, pé, "Bọ̀dá, ẹ ṣáà kẹ̀yìn sí wa." Ó kẹ̀yìn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fẹ́ bá a ya fọ́tò. Ó rọra nu ojú.

Olórin tó wá fi orin ṣí pápá náà rí i, ó pè é gun orí pèpéle. Gbogbo pápá pàtẹ́wọ́. Adéwùsì, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, dọ̀bálẹ̀ láti dúpẹ́. Ipàkọ́ yọ kedere. Ẹ̀rín bú. Ó rò pé ìfẹ́ ni, ó tún dọ̀bálẹ̀.

Ìyá Ṣíjúadé tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló fà á sọ̀ kalẹ̀. "Ọmọ mi, ta lo bá wá?"

"Mo dá wá ni, Mà."

"Mo mọ̀. Ẹni tó lẹ́nìkejì ò ní gbé irú èyí kiri pẹ́ báyìí."

Ìyá gba kámẹ́rà, ó ya ipàkọ́ rẹ̀, ó fi hàn án. Adéwùsì wò ó títí.

"Àṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn mi."

"Tẹrí ba," ni ìyá wí. Ó ki àkísà bọ kẹrosíìnì, ó ń nù ún.

Látìgbà náà, tí Adéwùsì bá ń jáde, á kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ ìyá, á kẹ̀yìn sí i: "Mà, ẹ bá mi wò ó." Ìyá á ní ó mọ́. Ọjọ́ mìíràn wà tí kò níbi tó ń lọ rárá, á ṣì yà kẹ̀yìn sí i.

Ẹ ò wá rí i? Ipàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Tó bá sì jẹ́ ọ̀dà ló wà níbẹ̀, ẹ má fomi nù ún, kẹrosíìnì ni.