Ẹ̀fọ́rí Ìyá Dókítà

Bí ẹ bá pe obìnrin yìí ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kò ní dáhùn. Ìyá Dókítà ni kí ẹ pè é. Bí ẹ bá fẹ́ rí eyín rẹ̀, ẹ fi kún un: Abiyamọ Ìjókòó-Iwájú, A-bí-ọ̀kan-tó-kún-inú-ilé!

Mẹ́rin ló bí o. Ọ̀kan ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé, ọ̀kan ń ránṣọ, ọ̀kan ń tún ẹ̀rọ ṣe. Inú rẹ̀ dùn sí wọn níwọ̀nba.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èmi náà bímọ.

Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ìjọba ni Dókítà, ọmọ kẹrin, fi kàwé. Àdéhùn rẹ̀ ni pé bí ó bá kàwé tán, yóò fi ọdún mẹ́rin ṣiṣẹ́ níbi tí kò ti sí dókítà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń tọwọ́ bọ̀wé, ìyá rẹ̀ ni onídùúró. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n bi í léèrè tó fi dìde.

"Ẹ̀yin ọ̀gá, bí ẹ bá fẹ́ rán ọmọ mi lọ síbi tí ọ̀nà pin sí, ẹ rán an kọjá ibẹ̀! Àánú èèyàn ni mo fi tọ́ ọ."

Ó fọwọ́ sí i, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹnu kì í wú nígbà tó bá ń jẹ́jẹ̀ẹ́; ẹsẹ̀ tí yóò rìn ín ni í wú.

Wọ́n rán Dókítà lọ síbi tí ọ̀nà pin sí lóòótọ́. Ọdún mẹ́ta ni ibẹ̀ ti wà láìní dókítà kó tó dé. Kò tíì lo ọdún kan tí ìyá rẹ̀ fi kéde nínú ìjọ pé lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ọdún yìí, Dókítà yóò ti padà wálé, yóò sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun níwájú, nínú aṣọ funfun.

Ó pè é lórí fóònù.

"Mọ́mì, kò ṣeé ṣe. Èmi nìkan ni mo wà níbí."

"Èmi náà, èmi nìkan ni mo wà níbí!"

"Dádì ńkọ́?"

"Ṣé dókítà ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Dókítà ṣe pinnu pé òun yóò ṣàìsàn. Olùgbàdúrà ni, nítorí náà ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀. "Olúwa, kì í ṣe irọ́ o. Ara mi á sáà ṣàárẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo kàn tètè sọ ọ́ ni."

Ó wọkọ̀ lọ bá Dókítà níbi iṣẹ́. Ara rẹ̀ le koko ní gbogbo ojú ọ̀nà; ó tilẹ̀ bá awakọ̀ jà nítorí ìjókòó iwájú. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó dé ilé ìwòsàn ló dá ọkùnrin ọlọ́mọlanke kan dúró.

"Ẹrù dà, Màmá?"

"Èmi ni ẹrù."

"Kí ló ń ṣe yín?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ilé ìwòsàn náà kò ju yàrá kan lọ, aṣọ ìkélé ló pín in sí méjì. Dókítà wà lẹ́yìn aṣọ, àwọn aláìsàn bí ọgbọ̀n sì wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú. Nígbà tí wọ́n rí ìyá arúgbó nínú ọmọlanke tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àánú ṣe wọ́n. Aboyún kan tó ti wà níbẹ̀ láti ìdájí fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Bàbá kan tí egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ gba báàgì rẹ̀ dání.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń dá. Bí ẹnì kan bá ti wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, gbogbo bẹ́ǹṣì á dá orin sílẹ̀, kí àṣírí onítọ̀hún má baà dé etí ẹnikẹ́ni. Bí Ìyá Dókítà ṣe wọlé, Bàbá Elégbò gbé orin, àwọn tó kù sì gbè é.

"Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, ẹ pa ariwo yín mọ́! Orí ń fọ́ mi. Àbí ẹ ò mọ ẹni tí mo jẹ́ ni?"

"Màmá, orin yẹn—" ni nọ́ọ̀sì fẹ́ ṣàlàyé.

"Mo ní kí wọ́n dákẹ́!"

Wọ́n dákẹ́. Alángbá rìn lórí páànù, gbogbo wọn ìbá ka ìṣísẹ̀ rẹ̀.

Dókítà wọn ìfúnpá rẹ̀. "Mọ́mì, tiyín dára ju tèmi lọ."

Ìyá Dókítà rẹ ohùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn tó ti ṣáájú ẹgbẹ́ akọrin fún ogún ọdún, bó bá sọ wúyẹ́wúyẹ́, ẹni tó wà níta á ṣe Àmín.

"Kò sóhun tó ń ṣe mí. Ṣáà kọ ọ́ síwèé pé àìsàn ọkàn ń ṣe mí, pé ìwọ nìkan lo lè tọ́jú mi, kí wọ́n lè dá ẹ padà sílé. Ẹlẹ́rìí wà níta. Òmùgọ̀ ni wọ́n. Aboyún kan tiẹ̀ gbé ipò rẹ̀ fún mi."

"Bí mo bá lọ, ta ni yóò gbẹ̀bí aboyún yẹn?"

"Wọ́n ti ń bímọ kó o tó dé."

"Wọ́n ti ń kú náà kí n tó dé, Mọ́mì. 'Ẹ rán an kọjá ibẹ̀.' Ta ló sọ ọ́?"

"Onídùúró ló sọ ọ́! Kì í ṣe ìyá ẹ!"

Ẹnì kan wúkọ́ níta. Ikọ́ náà súnmọ́ etí jù. Ìyá Dókítà fa aṣọ ìkélé, ó sì bá ọgbọ̀n ojú pàdé.

"Màmá," ni aboyún wí, "ṣé orí ọ̀hún ti fúyẹ́?"

Bàbá Elégbò na báàgì sí i. "Ẹ gbà á. Òmùgọ̀ kan ló bá yín dì í mú."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Dókítà wo ẹnu ọ̀nà, ọlọ́mọlanke tó dúró níbẹ̀ mi orí. "Ẹrù ni mo ń gbé, Màmá. Mi ò lè gbé irọ́, ó ti wúwo jù."

Ọkọ̀ kò ní gbéra títí di ìrọ̀lẹ́. Abiyamọ Ìjókòó-Iwájú lọ jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn pátápátá.

Aboyún wọlé. Kò sẹ́ni tó kọrin. Wọ́n ṣì ń bẹ̀rù ẹ̀fọ́rí.

"Dókítà," ni ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ, kedere, "oyún méjì ló ti bàjẹ́ lára mi kí èyí tó dúró, mi ò sì tíì sọ fún—"

Bàbá Elégbò tẹjú mọ́lẹ̀. Gbogbo wọn tẹjú mọ́lẹ̀.

Ìyá Dókítà la ẹnu. Orin tó jáde dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Kò sẹ́ni tó gbè é. Ó dá ẹsẹ kìíní kọ, ó dá ẹsẹ kejì kọ, òógùn bò ó, níwájú àwọn tó pè ní òmùgọ̀.

Bàbá Elégbò kò wo ojú rẹ̀.

"Ẹ gbé e sókè, Màmá," ló wí. "A ṣì ń gbọ́ ti ẹ̀yìn aṣọ."