Bàtà Tó Ń Lúwẹ̀ẹ́ Lọ́jọ́ Jímọ̀

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí ayé mi, ọjọ́ tí mo fi ìwé tí mo kà gbé bàtà àwọn àgbààgbà Ọ̀fà lọ sínú gọ́tà. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, kọ́bọ̀ mélòó kan la fi ń ra búrẹ́dì, ṣùgbọ́n maikirokọńtírólà kan, kọ̀ǹpútà kékeré bí èékánná tó ń darí ẹ̀rọ, lè gba owó oúnjẹ oṣù kan lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Lónìí, owó búrẹ́dì kan tàbí méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rà á. Àyè inú rẹ̀ kéré nígbà náà, a sì ń ṣún un lò bí omi ọ̀gbẹlẹ̀. Asẹ́ńbìlì la fi ń kọ iṣẹ́ fún un, èdè tó sún mọ́ ẹ̀rọ jù: mú eléyìí, gbé e síbí, fi ọ̀kan kún un, padà sẹ́yìn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ọkùnrin ṣe ń fẹ́ràn ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i.

Mo ti fẹ̀yìntì, mo ti padà sílé, kí Alhaji tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa tó wá bá mi. Wọ́n ní bọ́hóòlù wà, tánkì wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń rántí tan pọ́ǹpù lásìkò.

"Ẹnjiníà, àwọn àgbàlagbà ń gbé búútà kiri wá omi àlùwàlá. Ṣé ìwé tẹ́ ẹ kà yẹn ò lè ṣe nǹkan kan sí i ni?"

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí ní Ẹnjiníà. Orí mi wú. Mo ní kí wọ́n lọ fọkàn balẹ̀, omi á ti máa dúró dè wọ́n ní Jímọ̀ tó ń bọ̀.

Bùkọ́lá, ọmọ Èkìtì kan tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú wa, ló gba yàrá lọ́dọ̀ mi nígbà náà. Ó rí ìwé tí mo tẹ́ sórí tábìlì.

"Daddy, asẹ́ńbìlì kẹ̀? Ẹ̀ ń fìyà jẹ ara yín. Ẹ fi èdè C kọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ á bá yín ṣètò bó ṣe máa ka nǹkan."

"C tiyín yẹn, ńṣe lèèyàn ń rán alárinà. Èmi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ lójúkojú."

"Ẹ kú ojúkojú o, sà."

Àádọ́ta ìṣẹ́jú ni tánkì fi ń kún. Mo ní kí ẹ̀rọ mi tan pọ́ǹpù ní aago méjìlá ààbọ̀, kó máa ka oókan ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá, tó bá ka ọ̀ọ́dúnrún, kó pa á. Mo dán an wò nílé pẹ̀lú gílóòbù. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jókòó fún àádọ́ta ìṣẹ́jú? Ogún ni mo ní kó kà. Ó ka ogún, iná kú wẹ́rẹ́. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, omi ń yọ lẹ́nu gbogbo ẹ̀rọ omi. Alága ṣàdúrà fún mi lójú gbogbo èèyàn, mo sì lọ jókòó síwájú bí ọkọ ìyàwó. Nígbà tí kútúbà, ìwáàsù Jímọ̀, wọra, mo gbọ́ ṣààà níta. Mo rò pé òjò ni. Mo wo fèrèsé, oòrùn mú hanhan. Bàbá Káfáyà, ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí, fi àgbọ̀n júwe ìta. A kì í sọ̀rọ̀ nígbà kútúbà. Kí n tó ronú bóyá kí n dìde, wọ́n ti pe ìkámọ̀, ìpè tó ń gbéni dìde fún ìrun, a ti wọ ìrun. Mo forí kanlẹ̀, etí mi wà níta. Ọlọ́run ló mọ ohun tó gbà nínú ìrun yẹn.

Nígbà tá a jáde, iwájú mọ́ṣáláṣí ti di odò, bàtà ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sí gọ́tà ní méjì-méjì. Alága dúró láìwọ bàtà.

"Ẹnjiníà, ta ló máa sọ fún omi yín pé ó ti tó?"

"Ó ṣì ń kà ni, sà."

"Ó ń ka kí ni? Bàtà wa?"

Ọwọ́ la fi já wáyà. Wọ́n fún mi ní Jímọ̀ kan péré sí i. Tí kò bá dára, kí n kó ẹ̀rọ mi lọ. Mo gbé e lọ bá Bùkọ́lá. Kò pẹ́ tó fi rí i. Igba ó lé márùndínlọ́gọ́ta ni àpótí kan, ibi tí ẹ̀rọ yẹn ń kó iye pa mọ́ sí, lè kà dé. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹni tó bá fẹ́ ka ọ̀ọ́dúnrún ní asẹ́ńbìlì gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ so àpótí méjì pọ̀. Èmi ò so nǹkan kan. Ì bá ti máa kà títí di ọjọ́ àjíǹde.

"Daddy, gbogbo ojúkojú tẹ́ ẹ̀ ń bá a sọ, ẹ ò bi í léèrè ibi tó lè kà dé?"

Mo gbé ìgbéraga mì, mo ní kó fi C kọ ọ́. Ìlà díẹ̀ ni, C fúnra rẹ̀ ló wá àyè tó gba ọ̀ọ́dúnrún. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kejì, tánkì kún, pọ́ǹpù dákẹ́ fúnra rẹ̀, orúkọ Ẹnjiníà sì kù sí mi lọ́wọ́. Mo ṣì ń kọ asẹ́ńbìlì nígbà tí àyè bá há tàbí tí iṣẹ́ bá fẹ́ ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbà pé iṣẹ́ ló yẹ kó yan èdè, kì í ṣe ìfẹ́ ìgbà èwe mi.

Alága ti lọ, kí Ọlọ́run ṣàánú wọn. Lèmọ́mù tó ṣe kútúbà ọjọ́ náà ti lọ. Bùkọ́lá wà láàyè, ó ti padà sí Èkìtì. Bàbá Káfáyà náà wà, ṣùgbọ́n wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dá èèyàn mọ̀ mọ́. Mo máa ń lọ sọ ìtàn bàtà yìí fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí tuntun ló ṣe máa ń rí létí wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín mi títí omi á fi bọ́ lójú wọn, èmi náà á sì bá wọn rín in.