Kiekko Méjì Tí Reino Gbé

Ẹ bá mi di inú mú o, ẹ̀rín ń pa mí!

Reino awakọ̀ ló gbé kiekko lọ fún àlejò.

Ní ilé iṣẹ́ kan ní Espoo, ìlú kan nílẹ̀ òtútù, kúbíìtì ni wọ́n ń ṣe, àwọn nǹkan tín-ín-tín tí kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù fi ń ronú. Kéèyàn ṣe ẹyọ kan, ìyẹn ò le. Kó ṣe ẹgbẹ̀rún, kí gbogbo wọn jọra bí ìbejì, ibẹ̀ lẹ́kún wà. Oṣù mẹ́jọ ni Ilmo Vatanen, ẹnjiníà wọn, fi bá a wọ̀yá ìjà. Ó ṣe mẹ́wàá, mẹ́rin dákú. Ó ṣe ọgọ́rùn-ún, ìdajì ya wèrè.

Ìgbà tó wá ṣe, ẹgbẹ̀rún pé! Orí àwo sílíkọ́nì pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ni, kò sì sí olóríkunkun kankan nínú wọn.

Kiekko ni wọ́n ń pe irú àwo bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Kiekko náà ni wọ́n ń pe rọ́bà dúdú róbótó tí wọ́n ń fi igi gbá lórí yìnyín.

Ẹ ti ń gbọ́ òórùn wàhálà, àbí?

Ọ̀gbẹ́ni Baltasar, olówó tó ń náwó sí iṣẹ́ náà, ti dé láti Lisbon láti wá wo àwo yẹn. Bó bá wù ú, iṣẹ́ ń lọ nìyẹn. Bí kò bá wù ú, kí Ilmo kẹ́rù ẹ̀ ni. Ọjọ́ yẹn náà làwọn àgbààgbà tí Ilmo ń bá gbá eré yìnyín sọ rọ́bà wọn nù, wọ́n sì ní kó fi tiẹ̀ ránṣẹ́.

Páálí funfun méjì. Tábìlì kan.

Ilmo wà nínú yàrá tí eruku ò gbọdọ̀ wọ̀. Ó fi aṣọ funfun di ara ẹ̀ látòkè délẹ̀, ojú nìkan ló kù síta. Ló bá pe Reino lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n Reino, ẹ bá mi gbé kiekko fún àlejò, kẹ́ ẹ gbé kiekko lọ síbi yìnyín."

"Kiekko wo?"

"Kiekko náà!"

"Méjì ni mo rí níbí o."

"Ojúlówó ni kẹ́ ẹ fún àlejò! Ẹ tètè!"

Reino ṣí páálí méjèèjì. Ọ̀kan fẹ́lẹ́ bíi bisikíìtì, ó ń kọ mànà. Èkejì dúdú, ó wúwo, ó ki pọ́pọ́. Ẹni tó ti ń gbá eré yìnyín láti ọmọ ọdún mẹ́rin, ta ló fẹ́ kọ́ ọ ní ojúlówó kiekko?

"Dígí ni wọ́n fẹ́ máa gbá báyìí?" Ó mi orí. "Ó dáa náà."

Nígbà tí Ilmo fi bọ́ aṣọ tán tó sáré dé yàrá àlejò, Sirkka ọ̀gá rẹ̀ ti ń ṣí páálí.

"Ọ̀gbẹ́ni Baltasar, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ wa."

Rọ́bà!

Sirkka gbé kọfí ẹ̀, ó dà á sọ́nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà, tòun ti bó ṣe gbóná.

Fóònù Ilmo dún. Pentti, aṣọ́lé ikọ̀ eré yìnyín wọn, ni.

"Ilmo! Kiekko tó o fi ránṣẹ́ yìí mà ń dán o! Mo rí irun imú mi nínú ẹ̀!"

"Ẹ má gbá a! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!"

"A ò tíì gbá a púpọ̀."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó ti fọ́ sí mẹ́tàdínlógójì."

Oṣù mẹ́jọ, pìrìràrà!

Baltasar ní tiẹ̀ ò rí yìnyín rí àfi nínú ife ọtí. Ó ti gbé rọ́bà náà, ó ń yí i wò, ó ń yí i wò. Ló bá já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Gbì!

Ó ta, ó yí wọ abẹ́ tábìlì. Baltasar rá tẹ̀ lé e, ó sì gbé e jáde.

"Kò fọ́!" Ó gbé e sókè. "Gbogbo ibi tí mo ti dé, wọn kì í jẹ́ kí n mí sí i! Ẹ̀yin nìkan lẹ rí i ṣe! Ṣé ẹ lè ṣe ẹgbẹ̀rún, kí gbogbo wọn jọra?"

"Wọ́n máa jọra dáadáa," ni Sirkka wí, nítorí kì í parọ́.

"Kí lẹ fi ń ṣe é?"

Èdè àlejò pòórá lórí Ilmo. Ti ìyá ẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù. "Urheilukauppa," ló wí, ìyẹn ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta nǹkan eré ìdárayá.

Baltasar mú bírò, ó fọwọ́ sí ìwé, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ gàdàgbà:

"Iṣẹ́ tẹ̀ síwájú. Kí wọ́n ra ẹ̀rọ Urheilukauppa mẹ́ta sí i."