Ìkòkò Mẹ́fà, Kóró Méje

Ẹ̀yìnkùlé Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ìkòkò mẹ́fà tò sórí tábìlì, nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ewé kan ṣoṣo kò sí nínú wọn. Obìnrin ẹ̀ṣọ́ igbó, tí Tíṣà kọ́ níwèé ní kékeré, gbé páálí òfìfo wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo wá kó àwọn ọmọ igi wa."

"O káre. Jókòó ná."

"Ìjókòó kọ́, sà. Ìjì ti wó ìyá wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun nìkan ló sì kù nínú igbó. Bí tọwọ́ yín ò bá hù, ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe lọ́jọ́ iwájú, orúkọ èèpo igi náà nìkan ló máa rí mu."

Gbogbo àdúgbò ni Tíṣà ti fọ́nnu fún pé kóró náà máa hù. Ó wúkọ́ bíi pé ó wà ní kíláàsì.

"Kóró inú igbó kì í kánjú. Sùúrù ló ń fẹ́. Ó wà nínú ìwé mi, ojú ewé kẹrìnlá."

"Ẹ̀yin náà ní sùúrù ọ̀hún, sà?"

"Èmi? Èmi ni mo kọ ọ́!"

Ó na ìwé náà sí i. Obìnrin náà ṣí i, ó kà á sókè: "'Kóró kìíní. Sátidé: gbòǹgbò, mílímítà méjì. Ọjọ́rú: mílímítà mẹ́ta. Sátidé: mẹ́ta náà ni, inú rẹ̀ ò dùn.' Sà, ṣé inú ilẹ̀ kọ́ ni gbòǹgbò ń gbé ni?"

"Inú ilẹ̀ ni."

"Báwo lẹ ṣe wá ń wọ̀n ọ́n?"

Tíṣà wo òkè, ó wo ilẹ̀.

"Mo máa ń pè é jáde díẹ̀."

"Ẹ ń hú u!"

"Mo máa ń dá a padà. Mo tún máa ń bẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, bí mo bá ti mu tíì."

Ẹ̀ṣọ́ igbó jókòó sórí páálí, páálí wó mọ́ ọn nídìí.

"Méje ni mo kó fún yín. Keje ńkọ́?"

"Ó já bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, níbi tí mo ti ń ṣàlàyé fún ìyàwó mi bí wọ́n ṣe ń di kóró mú. Mo wá a títí. Nígbà tó yá, mo gbàgbé."

Obìnrin náà ti dìde. Ó lọ sẹ́yìn táǹkì, níbi tí omi ti ń kán sórí ewé tó ti jẹrà.

"Sà. Ẹ wá wò ó."

Ọmọ igi kan dúró síbẹ̀, ó ga tó ìka, ẹ̀yìn ewé rẹ̀ pupa bíi ti ìyá rẹ̀. Omi bọ́ lójú Tíṣà. Lójijì ló kọ ẹ̀yìn, ó ń sáré lọ sílé.

"Ibo lẹ ń lọ?"

"Rúlà!"

Obìnrin náà fa Tíṣà ní ṣòkòtò títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Tíṣà bú sẹ́rìn-ín.

"Mo tọ́jú mẹ́fà, mo pa mẹ́fà. Mo sọ ọ̀kan nù, ó yè. Ìyàwó mi tí mò ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí mà gbìyànjú o!"

"Ibí yìí ló máa wà títí yóò fi tó gbé lọ. Ẹ̀yin, ẹ ṣáà gbàgbé rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin la ní kí ẹ kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ tuntun lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé èèyàn lè kọ́ ẹnìkan ní gbígbàgbé?"

"Iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù nìyẹn! Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ ẹ ní ìṣirò. Méje lọ́nà mẹ́jọ?"

Obìnrin náà la ẹnu, ó sì pa á dé.

"O ò rí i?" ni Tíṣà wí. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn."