Àga Atukọ̀ Gbá Kò-Séwu Mú

Kò-Séwu ti há!

Inú àga tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn ló há sí, ní àárín ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú bẹ́líìtì mẹ́rin lára bí ẹrù tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí òkè òkun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Káfíńtà ni Kò-Séwu. Ohunkóhun tí ẹ bá bá a sọ, "Kò séwu!" ni yóò fi dá yín lóhùn, kódà bí ilé bá ń jó. Ó ní àbúrò obìnrin kan, ọmọ ìyá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Atukọ̀. Ẹsẹ̀ Atukọ̀ kò ṣiṣẹ́ láti kékeré, orí àga oníkẹ̀kẹ́ ló ti ń ṣe gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ gbé e sínú ọkọ̀ onígbòkun kí ẹ wá wòran! Atẹ́gùn gan-an ń wárí fún un. Ìjókòó nìkan ni ìyọnu rẹ̀. Nínú eré ìje ọdún tó kọjá, ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, òun náà yọ̀ sọ́tùn-ún, yọ̀ọ̀ọ̀, gbọ̀ǹgàn! Kí ó tó gbára jọ nílẹ̀ ọkọ̀, gbogbo ayé ti kọjá lára rẹ̀, ó sì gbẹ̀yìn.

Ni Kò-Séwu bá búra pé òun máa kan àga tó máa dì í mú, tó sì máa ń yọ̀ lórí irin. Bí ọkọ̀ bá fì sọ́tùn-ún, àga á yọ̀ sósì, ìdí Atukọ̀ á dúró gbọn-in.

Ọ̀la ni eré ìje. Òní ni ọ̀gá tó ń yẹ ọkọ̀ wò ń bọ̀. Òfin ọ̀gá yìí kò pọ̀: ẹni tó bá jókòó sínú àga gbọ́dọ̀ lè tú ara rẹ̀ sílẹ̀ wéré, nítorí bí ọkọ̀ bá dojú dé, omi kì í dúró gbọ́ àlàyé. Bí àga kò bá yege, Atukọ̀ kò ní wọ omi.

Kò-Séwu ti ro ìyẹn náà. Okùn pupa kan ló so mọ́ àga. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan, gbogbo bẹ́líìtì á tú. Atukọ̀ ló ní kó má fi í síwájú, kí okùn ìgbòkun má baà kọ́ ọ. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, nísàlẹ̀ pátápátá, lápá òsì, ló fi í sí, níbi tí ọwọ́ Atukọ̀ ń dé wẹ́rẹ́. Apá obìnrin yẹn gùn! Ó lè jókòó sí yàrá kó pa iná pálọ̀.

Apá Kò-Séwu ńkọ́? Bí ẹ̀yìn bá ń yún un, ara ògiri ló ń lọ.

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, àbí?

Ó gbé àga sórí pátákó, ó gbé pátákó sórí táyà, kó lè máa fì bí ọkọ̀. Ó ní kóun dán an wò díẹ̀ kí àlejò tó dé. Ó de bẹ́líìtì itan, pàá! Ó de ti ìbàdí, pàá! Ó de ti àyà méjèèjì, pàá, pàá! Ó fì sọ́tùn-ún, àga yọ̀ sósì. Ó fì sósì, àga yọ̀ sọ́tùn-ún. Inú rẹ̀ dùn dé egungun.

"Kò séwu!" ó sọ fún ògiri.

Ó wá na ọwọ́ sí okùn pupa.

Ọwọ́ ò dé ibẹ̀.

Ó nà án sí i. Ó yọ ahọ́n síta bí ẹni pé ahọ́n ló fẹ́ fi mú un. Bó ṣe ń tẹ̀ sósì ni àga ń gbé e sáré lọ sọ́tùn-ún, gàràgàrà, gbàgà! Eyín gbá eyín. Fóònù orí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí dún. Ọwọ́ ò dé ìyẹn náà. Fóònù gbọ̀n, ó gbọ̀n, ó gbọ̀n ara rẹ̀ ṣubú. Gbì!

Yéè, ẹ̀rín ń pa mí!

Ilẹ̀kùn ṣí. Atukọ̀ yí àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé. Ọ̀gá tó ń yẹ ọkọ̀ wò tẹ̀lé e, ọkùnrin pẹ́ńpẹ́ kan tí ikùn rẹ̀ ń ṣíwájú rẹ̀ dé ibi gbogbo.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo pè yín títí, ẹ ò gbé e."

"Ọwọ́ mi dí."

"Ẹ káàsán o," ni ọ̀gá wí. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí n wo àga."

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó ná."

"Mi ò wá jókòó. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Mò ń bọ̀, sà. Fóòmù ni mò ń dán wò."

Ọ̀gá wo aago. Kò-Séwu rẹ́rìn-ín. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ bí ẹni tó wẹ̀ tí kò nura. Atukọ̀ sún mọ́ ọn, ó fi ohùn wẹ́lẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àbí ẹ ti há ni?"

"Ta ló há?"

"Ẹ̀yin ni."

"Fóòmù ni mò ń dán wò!"

"Ẹ dìde nígbà yẹn."

"Atukọ̀, má dójú tì mí. Ìyá kan náà ló bí wa."

Ó wá ń fì díẹ̀díẹ̀, kó lè jọ ẹni tó ń gbádùn ara rẹ̀. Àga yọ̀. Pátákó fò sókè. Táyà sá jáde lábẹ́ rẹ̀. Gbàràgàdà, gbìì! Káfíńtà, àga, pátákó, gbogbo wọn dojú délẹ̀. Ọkọ̀ rì lórí ilẹ̀ gbígbẹ!

"Ẹ̀gbọ́n mi!" Atukọ̀ figbe ta.

"Kò... séwu," ohùn kan dáhùn lábẹ́ àga.

Ọ̀gá mi orí. "Àga yìí ò yege. Ẹni tó wà nínú ẹ̀ ò lè jáde." Ó ti ń yí padà lọ.

Ọdún kan gbáko ni Atukọ̀ ti ń retí ọ̀la.

"Ẹ dúró, sà! Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ wa ọkọ̀ ni?"

Ó na apá gígùn yẹn láti orí àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fa okùn pupa. Pàràà! Kò-Séwu já bọ́ bí àpò sìmẹ́ńtì. Wọ́n tún àga gbé dìde, Atukọ̀ fọwọ́ gbé ara rẹ̀ bọ́ sínú rẹ̀, ó de gbogbo bẹ́líìtì.

"Ẹ dojú ẹ̀ dé."

Wọ́n tì í. Kí àga tó kanlẹ̀, pàràà! Atukọ̀ ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó káwọ́ mọ́yà, ó ń wò wọ́n.

"Háà!" ni ọ̀gá wí. "Ó yege!" Ó fa bírò yọ, ó tẹ́ ìwé àṣẹ sórí tábìlì. Ṣùgbọ́n kí bírò tó kan ìwé, ó wo Kò-Séwu tìkà-tẹ̀gbin. "Àga ò ní láburú kankan. Ẹ̀yin lẹ ò mọ ọwọ́ nà. Èmi ì bá ti fà á tipẹ́."

"Ẹ má dán an wò, sà," ni Kò-Séwu wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀ tó gbà pé ewu wà.

"Mo ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń kìlọ̀ fún! Ẹ gbé e dìde!"

Ọ̀gá sọ bírò sórí tábìlì, ó jókòó sínú àga. Pàá, pàá, pàá, pàá! Ó na ọwọ́ sẹ́yìn.

Ọwọ́ tirẹ̀ náà ò dé ibẹ̀.

Ó tún nà án. Ikùn rẹ̀ lọ sósì, àga gbé e lọ sọ́tùn-ún, gàràgàrà, gbàgà! Ó wo àjà, ó wo bàtà rẹ̀, ó túnra ṣe.

"Ọ̀gá," ni Atukọ̀ wí, "àbí ẹ ti há ni?"

"Ta ló há? Fóòmù ni mò ń dán wò."

"Ó dáa, sà." Atukọ̀ na apá láti ilẹ̀ tó jókòó sí, ó mú ìwé àti bírò lórí tábìlì, ó rọra gbé wọn lé e lórí itan. "Ẹ bá wa fọwọ́ sí i ná. Ibi tí ìyẹn wà, ọwọ́ yín á dé e."