Bí Gbádébọ̀ Àjàgbé Ṣe Dọ̀bálẹ̀ Ṣẹ́gun Tírọ́lì Tí Ń Ké

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lọ́nà. Ẹ̀yin tí ẹ dé fìlà, ẹ ṣí i, nítorí ẹni tó ń bọ̀ yìí kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ẹnu tó kún fún oúnjẹ dárúkọ. Gbádébọ̀ ni, Àjàgbé ọmọ Oyèníran, ọmọ-ọmọ baba tó ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe lábẹ́ igi ní Ìkirun, baba tó jẹ́ pé bí kẹ̀kẹ́ bá ń bọ̀ láti òpin àdúgbò ni yóò ti mọ ibi tó ń dùn ún. Ọmọ ìyá tó ń rán aṣọ ilé-ìwé, tí kì í fi fọ́nrán òwú kan sílẹ̀ láì gé. Àjàgbé, erin tí ń gba àárín ìgò kọjá tí ìgò kan kì í fọ́! Àjàgbé, balógun agolo, ẹni tó to tòmátò alágolo lórí pẹpẹ bí ọmọ ogun tí ń retí ọba, tí agolo kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí oníbàárà!

Ní ilé ìtajà Ìrọ̀rùn ní Òṣogbo ni akọni yìí ti ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ náà bá a lára mu, nítorí pé ohun tí èèyàn bá gbé sórí pẹpẹ kì í bínú, kì í sì í sọ ohun kan kó máa gbèrò òmíràn. Àwọn dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó wà ní kékeré sọ pé ọ́tísíìmù ni orúkọ ohun tó bá a wáyé. Màmá rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún ará ilé báyìí pé, “Etí ọmọ mi ṣí ju tiyín lọ. Ẹ má pariwo mọ́ ọn.” Ibi iṣẹ́ tó ti ṣe ṣáájú kò gbọ́ ìtumọ̀ yẹn, wọ́n lé e. Ó jókòó sílé títí tó fi rí Ìrọ̀rùn, kò sì fẹ́ padà síbi ìjókòó yẹn láé.

Ọba tó wà lórí ilẹ̀ náà ni Màdáámù Ọyáwálé, máníjà, obìnrin tí ojú rẹ̀ ń tàn yí ká bí iná mọ́tò lóru, tó ń tẹ̀lé òṣìṣẹ́ bí òjìji, tó ń gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀ láti fi bí wọ́n ṣe ń dì í mú hàn án. Bí o bá fẹ́ lọ tọ̀, o ó sọ fún un. Bí o bá tọ̀ tán, o ó tún sọ. Bẹ́ẹ̀ òun náà ní ẹni tó ń dà á láàmú: láràárọ̀ ni àwọn ọ̀gá ń pè é láti Èkó pé ọjà ò tà, pé òṣìṣẹ́ ti pọ̀ jù, pé kó wo ẹni tó máa lọ.

Ó wò, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára Àjàgbé.

“Gbádébọ̀, o ò kí èèyàn. O ò wo ojú èèyàn. Láti òní lọ, ẹnu ọ̀nà ni wàá máa dúró. Kí gbogbo ẹni tó bá wọlé, kó o sì rẹ́rìn-ín sí wọn. Tí oṣù bá parí tí mi ò rí ìyàtọ̀, o mọ ọ̀nà ilé yín.”

Akọni ronú sí àṣẹ náà, nítorí pé kì í fi iṣẹ́ ṣeré. “Ẹ̀rín yẹn, mà, ṣé kí eyín hàn ni, àbí kó má hàn?”

Màdáámù wò ó bí ẹni tí wọ́n bú. Ṣàláwà tó ń gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ kọjú sẹ́yìn, ẹ̀rín ń mi ejìká rẹ̀.

Báyìí ni wọ́n gbé kìnnìún kúrò láàárín agolo, tí wọ́n fi í sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ọ̀tá ti ń dúró dè é. Ọ̀tá náà ga dé ìbàdí, irin ni gbogbo egungun rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, òfìfo sì ni inú rẹ̀. Tírọ́lì ni, èyí tí oníbàárà máa ń kó ọjà sí tí wọ́n á máa tì kiri. Àwọn yòókù ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan yìí ń ké. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kì í yí, ńṣe ló ń wọ́ nílẹ̀, igbe rẹ̀ sì ń wọ etí Àjàgbé bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n kì bọ ihò eyín. Nígbà tó kọ́kọ́ ké mọ́ ọn, akọni sá wọ yàrá ìkẹ́rùsí, ó jókòó sáàárín àpò ìrẹsì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

Ibẹ̀ ni Màdáámù bá a. “Tó o bá tún fi ẹnu ọ̀nà yẹn sílẹ̀, má padà wá síbí mọ́.”

“Mà, táyà ẹ̀ kan ni ò yí. Tí mo bá wo abẹ́ ẹ̀—”

“Ta ló ní kó o wo abẹ́ nǹkan? Mo ti pe Èkó. Ẹni tí wọ́n bá rán wá ló máa tún un ṣe. Mi ò gbọdọ̀ bá ọ níbi tó o ti lóṣòó ti tírọ́lì!”

Ẹ wo bí wọ́n ṣe há akọni mọ́! Bó bá dúró, etí rẹ̀ á ya. Bó bá sá, iṣẹ́ á bọ́. Bó bá lóṣòó, iṣẹ́ náà á bọ́. Ọ̀gágun mìíràn ì bá ti ju idà sílẹ̀. Àjàgbé pa dà sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbàlagbà kan wọlé, ó fa tírọ́lì ọ̀hún yọ, ó tì í, ó ké. Ìrora àti ẹ̀kọ́ ilé wá para pọ̀, wọ́n gbé akọni ṣánlẹ̀: ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mọ́lẹ̀, iwájú orí lára táìsì tútù. Ó la ojú, ẹsẹ̀ ọ̀tá sì wà ní ìwọ̀n ìka kan sí imú rẹ̀. Irun àtàchímẹ́ǹtì ló wé mọ́ ìdí táyà náà, ó fún un lọ́rùn pinpin.

“Dìde, ọkọ mi, ó tó,” ni ìyá wí, ó sì tì í lọ.

Láti ọ̀ọ́kán, Màdáámù mi orí. “Ẹ̀n-ẹ́n! Báyẹn!”

Nígbà náà ni ọgbọ́n ogun sọ̀ kalẹ̀ sínú akọni. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ lóṣòó. Ta ló ní kó má dọ̀bálẹ̀? Àti pé ẹni tó wà nílẹ̀, ta ni yóò ní kó wojú òun?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé pẹ̀lú sípóòkù, irin tín-ín-rín inú táyà kẹ̀kẹ́, tó tẹ orí rẹ̀ kọdọrọ bí ìwọ̀ apẹja, ó fi pa mọ́ sínú ọwọ́ ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà Òṣogbo jẹ́ aláàánú ju bó ṣe yẹ lọ! Kí àyà rẹ̀ tó kan ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ní, “Dìde, dìde.” Sọ́jà kan tó ti fẹ̀yìntì tilẹ̀ fa apá rẹ̀ sókè bí ẹni fa iṣu tu. “Ẹ̀gbọ́n Gbádébọ̀,” ni Ṣàláwà wí, “ẹ rọra o, ẹ ò du oyè kankan níbí!”

Oòrùn ti ń ga nígbà tí Bàbá Láṣebíkan wọlé, ọkùnrin tó lo ayé rẹ̀ nídìí rélùwéè, tí àdúrà rẹ̀ sì gùn bí ọkọ̀ ojú irin, débi pé ìjọ rẹ̀ kì í jẹ́ kó gbàdúrà kí wọ́n tó jẹun. Tírọ́lì tí ń ké ló fà. Àjàgbé lọ sílẹ̀ bí igi ìrókò.

“Ẹ káàárọ̀, sà!”

“Háà! Lóde òní? Ọmọ ta ni ọ́?”

“Ọmọ Oyèníran, ará Ìkirun, sà.”

“Wàá dàgbà!”

“Àmín, sà.” Ìwọ̀ wọlé.

“Ilé á gbà ọ́!”

“Àmín, sà.” Irun kan já.

“Ayé ò ní rí ẹ̀yìn rẹ!” Bàbá fi tírọ́lì tẹnu mọ́ ọn, ó tì í síwájú, ó fà á sẹ́yìn, táyà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ìka akọni. Akọni kò yẹsẹ̀. Láti ẹ̀yìn, bàtà gogoro Màdáámù ń bọ̀, kò, kò, kò, bí ẹṣin ogun lórí àpáta.

“Ohun tó wé mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ tí ò jẹ́ kó o lọ síwájú, á já lónìí!”

“ÀMÍN!” ni Àjàgbé ké, tó fi jẹ́ pé oníbàárà kan tó wà nídìí búrẹ́dì náà ṣe àmín, irun náà sì jáde tòun ti gbòǹgbò, ó bọ́ sínú ìkúùkù akọni.

Màdáámù dúró lé e lórí. “Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbí?”

“Màdáámù, ẹ ṣeun gan-an,” ni Bàbá wí. “Ọmọ tẹ́ ẹ kọ́ nìyí.”

Màdáámù tún gèlè ṣe. “Ìsapá wa ni, sà.”

Bàbá ti tírọ́lì lọ. Kò ké. Kò sí ẹni tó gbọ́ pé kò ké, àfi ẹnìkan ṣoṣo tó dìde nílẹ̀, tí omi lé ròrò sí lójú.

Nígbà tí oṣù parí, Màdáámù pè é. Wọ́n ti ní kí ẹnìkan nídìí ẹran dídì máa lọ. “Gbádébọ̀, mo rí ìyàtọ̀. O ṣì wà, ó kéré tán títí oṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n tó o bá ń dọ̀bálẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ ń ya síta. Mú wọn papọ̀.”

“Ẹ ṣé, mà,” ni akọni wí, ó sì mú wọn papọ̀.

Nítorí náà, kí wọ́n kéde rẹ̀ láti Ìkirun dé etí odò Ọ̀ṣun, kí wọ́n sì sọ fún àwọn ọmọ tí a kò tíì bí: ní ọjọ́ kan báyìí, Àjàgbé ọmọ Oyèníran wọ ìjà láì gbé apá sókè, ó borí níbi tó sùn sí, ó gba ilé ìtajà kan lọ́wọ́ ariwo, ó sì jèrè oṣù kan!