Ọtí Kọ́ṣà Tí Mo Ta Sílẹ̀

Ọjọ́ kan wà tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó máa lọ. Nígbà yẹn, mò ń gbé oúnjẹ fún àlejò ní ilé ìgbàlejò kan lọ́nà Kamina, nítòsí Atakpamé. Tó bá di ọ̀rọ̀ wáìnì, èmi ni mo gbọ́n jù níbẹ̀. Èmi náà ni mo sì ń sọ bẹ́ẹ̀. Ibo ni mo ti kọ́ ọ? Mo fọ ife fún oṣù mẹ́fà ní ilé oúnjẹ kan ní Lomé. Ẹni tó ń fọ ife ọlọ́tí kúkú mọ òórùn ọtí.

Tọkọtaya Júù kan wá wọ̀ sọ́dọ̀ wa. Mùsíọ̀ Daniẹ́lì ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ Datcha bí wọ́n ṣe ń bomi rin oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Màdáámù Rífíkà ni ìyàwó rẹ̀. Ọdún tuntun tiwọn bọ́ sí ìgbà tí iṣu tuntun ń jáde lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì pe àwọn èèyàn wọn mẹ́rin láti Lomé wá bá wọn jẹun ọ̀sán. Ọ̀gá mi obìnrin, tó ni ilé ìgbàlejò náà, fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Ipò ọ̀gá yàrá oúnjẹ ṣófo. Bí ọdún àwọn èèyàn yìí bá dùn, tìrẹ ni." Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, mo ti sọ fún ìyàwó mi pé mo ti di ọ̀gá.

Ìkòkò tirẹ̀ ni Màdáámù Rífíkà fi se gbogbo oúnjẹ. Ápù wà tí wọ́n á tì bọ inú oyin, kí ọdún lè dùn. Ẹja wà tòun ti orí, kí wọ́n lè jẹ́ orí, kí wọ́n má jẹ́ ìrù. Ẹran màlúù náà wà, tó fi kárọ́ọ̀tì àti èso déètì sè. Ó wá gbé ìgò wáìnì mẹ́ta kalẹ̀, kọ́ṣà ni gbogbo wọn, ìyẹn ni pé òfin ẹ̀sìn àwọn Júù fọwọ́ sí wọn. Láti Paris ni wọ́n ti gbé wọn wá. N kò dúró kí ẹnikẹ́ni bi mí.

"Èyí tó dùn yìí, ápù àti oyin ló ni ín," mo ní. "Funfun, ti ẹja ni. Pupa, ẹran ni kí ẹ fi gbè é."

"Ẹ mà mọ̀ ọ́n o!" ni Màdáámù wí. "Ẹ kàn tò wọ́n sórí tábìlì. Ẹ má ṣí wọn. Ọkọ mi á ṣí wọn fúnra rẹ̀."

Ìyìn yẹn ló pa mí. Mo gbà pé ojú ló ń tì í láti fún mi níṣẹ́ sí i. Lọ́dọ̀ wa, ta ló ń jẹ́ kí àlejò ṣí ọtí fúnra rẹ̀? Onílé ló ń ṣí i, á ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn baba, á tọ́ ọ wò kí wọ́n mọ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀, kó tó bù ú fún wọn. Kátólíìkì ni mí, ṣùgbọ́n ilé bàbá mi ni wọ́n ti tọ́ mi.

Bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà ní pálọ̀, mo ṣí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ta ti ápù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo tọ́ ọ wò. Mo ta ti ẹja sílẹ̀, mo tọ́ ọ wò. Kò burú rárá, ni mo bá tún un tọ́. Nígbà tó kan pupa, mo rò ó pé àwọn baba tèmi nìkan ò lè máa mu ọtí ọlọ́tí. Mo gbóhùn sókè: "Ábúráhámù, ẹ wá mu. Ísáákì, ẹ wá mu. Jákọ́bù…"

Ẹnìkan wúkọ́. Gbogbo wọn ti dúró lẹ́yìn mi.

Bàbá arúgbó kan tó bá wọn ti Lomé wá, onírùngbọ̀n funfun, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kí lò ń ṣe, ọmọ mi?"

"Mò ń fún àwọn baba yín lọ́tí ni, bàbá." Inú mi tilẹ̀ ń dùn.

Màdáámù Rífíkà wá àga, ó jókòó. Mùsíọ̀ Daniẹ́lì rọra ṣàlàyé fún mi: wáìnì tí ẹni tí kì í ṣe Júù bá ṣí tó sì dà, àwọn kì í mu ún. Láyé àtijọ́, ẹ̀rù ń ba àwọn baba wọn pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ti ta á sílẹ̀ fún òrìṣà. Ẹ gbọ́ ná. Nínú gbogbo àṣìṣe tó wà láyé, èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣòfin gan-an ni mo lọ ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹta, mo sì tún dárúkọ.

Mo ní kí n sáré lọ ra òmíràn. Wọ́n ní kò sí ọtí kọ́ṣà ní gbogbo Atakpamé. Mo ní ṣé kí n gbé sódàbì wá, ọtí ògógóró tiwa. Ọ̀gá mi ti dé lórí eré. Ó wo ilẹ̀ tó pupa, ó wò mí. "Ìwọ! Kí ni wọ́n ní kó o má ṣe?" Mo mọ̀ pé ipò ti ń lọ, ẹ̀dùn ọkàn sì bá mi gan-an.

Ẹ̀rín bàbá arúgbó la gbọ́. Ó ń rín, ó ń nu ojú. "Láti kékeré ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún mi nípa ọkùnrin tó ń ta wáìnì sílẹ̀. Ọgọ́rin ọdún ni mo fi ń ṣọ́ ọ, n kò rí i rí. Mo rò pé ó ti kú. Àṣé Atakpamé ló ń gbé!" Ó mú búrẹ́dì róbótó, ó súre ọdún lórí rẹ̀, wọ́n sì jẹun. Ápù, omi ni wọ́n fi gbè é. Ẹja, omi. Ẹran, omi. Èmi onímọ̀ ni mo ń bu omi náà.

Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jàǹfààní ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí n lọ dà wọ́n nù. Mo dà wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé tán pátá. Àwọn baba mi ò mu tó bẹ́ẹ̀ rí.

Afí, obìnrin tá a jọ ń gbé oúnjẹ, ni wọ́n fi jọ̀gá. Wáìnì ò kan Afí rárá. Omi ọsàn ló ń mu. Mo bi ọ̀gá wa pé kí ni Afí mọ̀ tí n kò mọ̀.

"Bí wọ́n bá ní kó má fọwọ́ kan nǹkan, kì í fọwọ́ kàn án."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀ràn bá sì kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi í rín. Mo rín tèmi tán, mo lọ dúró níwájú Afí: "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Tábìlì wo ni kí n nù?"